Ìkòkò Mẹ́rin Májẹ́kódùnmí

Ìfófòó ò tíì gbẹ lẹ́nu òkú Ayọ̀dèjì tí wọ́n ti rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù.

Òkú náà wà lórí ẹní, ikùn rẹ̀ tí àìsàn ti wú ga bí ebè. Igbá àgbo dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, Májẹ́kódùnmí oníṣègùn sì ń na ìka sí i.

"Obìnrin yìí ló se àgbo! Ó fi nǹkan èèwọ̀ sí i! Oògùn tèmi kì í pànìyàn. Ẹ bi àwọn ìkòkò mi léèrè!"

Gbogbo abúlé Òkè-Amọ̀ ló mọ ìkòkò wọ̀nyẹn. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé ẹni tí àgbo bá wò sàn á gbé ìkòkò tó fi sè é fún oníṣègùn, kó fi ṣe ẹ̀rí. Májẹ́kódùnmí so mẹ́rin sókè níwájú ilé tó wọ̀ sí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n: ọ̀kan láti Ìgbàjà, ọ̀kan láti Òmù-Àrán, ọ̀kan láti Èsìẹ́, ọ̀kan láti Òwu-Ìsin. Ogun wà nílẹ̀, ajínigbé wà lọ́nà. Ta ni yóò lọ wádìí? Lábísí tó bá a wá sì tún ń jẹ́rìí kiri pé ará Òwu-Ìsin lòun, pé ara òun wú bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kí oògùn yìí tó wo òun sàn.

Baálẹ̀ dájọ́: kí oòrùn tó wọ̀, kí Mọ́láyọ̀ fi abúlé sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Obìnrin tó bá dá rìn lọ́nà láyé ìgbà náà, ọjà ẹrú ni yóò bá ara rẹ̀.

"Kò níí lọ!"

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, amọ̀kòkò, ìyá tó bí ìyá Mọ́láyọ̀. Ìdí rẹ̀ gbòòrò bí ọpọ́n, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò ju ìdí lọ. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọ́. Òbúkọ kan ló taari rẹ̀ ṣubú nígbà ọdún iṣu, oṣù mẹ́ta péré sẹ́yìn. Fúnra rẹ̀ ló ń sọ fáyé pé òun àti òbúkọ jọ jà ni, òbúkọ ló sì jàre.

"Baálẹ̀, bí ẹ bá lé e, èmi náà ń lọ. Kí ẹ wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ yín se ọbẹ̀!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ìyá, oòrùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

"Ẹ jẹ́ kí n lò ó títí yóò fi wọ̀ nígbà náà."

Ó kọjú sí Ògúnyẹmí, àbúrò olóògbé. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń jà lórí igi obì láti ọjọ́ pípẹ́. Láyà agbádá rẹ̀, àbàwọ́n kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Kí ló dà sí ọ láyà?"

"Omi lásán ni, Ìyá."

"Omi tó ń rùn bí èèpo igi? Sọ̀rọ̀ kí n tó fọ́ ọ létí!"

Ògúnyẹmí wólẹ̀. "Inú ló ń run mí, Ìyá. Láàárọ̀, kó tó di pé ẹ̀gbọ́n mi mu tiẹ̀, mo yọ́ wọ ilé ìdáná, mo gbé ìkòkò àgbo sẹ́nu. Mo mu ú dé ìdajì. Ojú ló ń tì mí."

"Inú ọ̀hún wá ńkọ́?"

"Ó ti ṣí, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sígbó."

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Lójijì ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O mu ìdajì ìkòkò, o sì wà láàyè. Ta ló gbé ti ẹ̀gbọ́n rẹ fún un?"

"Mọ́láyọ̀ bù ú sí igbá. Oníṣègùn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó da lúbúlúbú kan sí i, ó ní kó lè yára ṣiṣẹ́. Òun ló fún un mu."

"Ṣé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ jọ jà ni?"

"Rárá o! Alẹ́ àná gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun yóò rán àwọn oníṣòwò tó ń kó ara wọn jọ lọ sí Òwu-Ìsin kí wọ́n bá òun kí àwọn ará ilé Lábísí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá wa."

Baálẹ̀ mi orí. "Ẹni tó wo ìlú mẹ́rin sàn, kí ni yóò fi ikú ẹnì kan ṣe?"

"Ó ní ká bi àwọn ìkòkò léèrè, àbí? Ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀!"

Wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Májẹ́kódùnmí ń pariwo pé èèwọ̀ ni.

"Lábísí ọmọ mi, èwo ni tìrẹ?"

Lábísí ò wo ojú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan èyí tó tóbi jù. "Èyí ni, Ìyá. Oṣù méjì ni mo fi se àgbo nínú rẹ̀, láàárọ̀, lálẹ́."

"Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn?"

"Ọdún mẹ́ta gbáko. Mo búra."

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ fi ọwọ́ nu ìdí ìkòkò náà. Dúdú rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, amọ̀ pupa yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó fọwọ́ wá ibẹ̀ yí ká. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Ẹ wo arúgbó òpònú! Èmi fúnra mi ni mo mọ ìkòkò yìí!"

Ariwo sọ.

"Dúdú iná tó ti wọnú amọ̀ kì í ṣeé fọwọ́ nù, èédú tí wọ́n fi epo pò ni wọ́n fi pa èyí. Baálẹ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí lẹ bá lábẹ́ ètè rẹ̀?"

"Kòtò kan. Ó wọ́."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Baálẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ kòtò náà. Ó wọ̀ ọ́ ṣìnkún bí ìgbín wọ ìkarahun. "Kó tó di pé òbúkọ fi mí gbolẹ̀, inú ìkòkò mi máa ń dán bọ̀rọ́. Oṣù mẹ́ta ni àtàǹpàkò yìí ti wọ́. Ìkòkò tí n kò tíì mọ, ta ló fi se àgbo lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn? Ọjà Òmù-Àrán tí àwa ọlọ́jà jọ rìn lọ ni mo ti tà wọ́n. Obìnrin kan fi ìborùn bojú, ó ń yìn mí: 'Ọwọ́ yín dára, Ìyá!' Orí mi wú débi pé n kò wo ojú rẹ̀!"

Lábísí ṣubú lulẹ̀. "Èmi ni, Ìyá. Láti ọjọ́ tí mo ti rí yín níbí ni mo ti ń sá fún yín. Ìyàwó Májẹ́kódùnmí ni mí. Ara mi ò wú rí. N kò dé Òwu-Ìsin rí."

Májẹ́kódùnmí fẹ́ sá. Ògúnyẹmí fa aṣọ rẹ̀ ya, ó dá a dọ̀bálẹ̀. Nínú àpò rẹ̀, ọdẹ kan rí egbò igi tí àwọn ọdẹ fi ń ṣe oró ọfà. Wọ́n ti lọ ìdajì rẹ̀.

"Májẹ́kódùnmí, ìwọ lo pa á," ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wí. "Àgbo inú ìkòkò ò pa Ògúnyẹmí, igbó nìkan ló lé e lọ. Inú igbá ni oró wà, ìwọ nìkan lo sì da nǹkan sí igbá."

Ọkùnrin náà tutọ́ sílẹ̀. "Kí ló gbé Ayọ̀dèjì dé ọ̀rọ̀ Òwu-Ìsin? Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá débẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò mọ Lábísí. Ta ni yóò tún gbà mí sílé? Mo rò pé ikú aláìsàn ò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìfófòó ló tú mi fó. Mo ní láti nàka sí ẹnì kan."

Wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Baálẹ̀ gbọn aṣọ rẹ̀. "Ó ti parí. Mọ́láyọ̀, máa lọ sílé."

"Kò tíì parí, Baba."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Mọ́láyọ̀ láti òwúrọ̀ nìyẹn. "Ní gbangba lẹ pè mí ní apànìyàn. Ní gbangba lẹ ó ti kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. Láti ilé dé ilé."

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ la ẹnu láti tì í lẹ́yìn, ó tún pa á dé. Ọmọ náà ò nílò rẹ̀.

Baálẹ̀ wo àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó dìde. Mọ́láyọ̀ ṣáájú, ó tẹ̀ lé e.

"Mọ́láyọ̀ kọ́ ló pa ọkọ rẹ̀," ló wí lójúlé àkọ́kọ́.

"Wọn ò gbọ́ lẹ́yìnkùlé, Baba."

Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ròkè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, ojúlé sí ojúlé, títí ohùn Baálẹ̀ fi ha. Níwájú ilé tó kẹ́yìn, Mọ́láyọ̀ kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ ṣeun, Baba. Ẹ jẹ́ kí n wá lọ sunkún ọkọ mi."