Ìrun Tí Sàlámì Kò Pè

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó má pè é ní àlọ́. Ojú Ọlọ́hun tí kì í tòògbé ló ti ṣẹlẹ̀, èmi kò sì bù mọ́ ọn.

Ayé ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kamaráàdì ni, ní Adja-Ouèrè níbí. Sàlámì ni ládàánì wa, òun ló ń pe ìrun. A kò ní ẹ̀rọ tó ń gbóhùn jáde. Ọ̀fun rẹ̀ la gbójú lé. Oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí àsìkò òjò lọ́dún náà, ìkùukùu ń bo oòrùn, aago kò sì jọ aago. Lèmọ́mù Àbúdùlàhí wá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fi omi kan ẹnu, àfi tí Sàlámì bá ti fi ojú ara rẹ̀ wo ìwọ̀ oòrùn, tó sì pe ìrun. Ààwẹ̀ gbogbo àdúgbò wà lọ́rùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ ènìyàn, ọgbà tí kò nílẹ̀kùn ni. Gìtá ló wà lọ́kàn Sàlámì. Kì í ṣe ti àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá tí ìjọba ń bọ́ o. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń yá gìtá lọ́wọ́ ara wọn ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń fúnra wọn gba orin sílẹ̀, àwọn ló ń tẹ̀ lé. Kò sì sí èyí tí kì í dá lẹ́jọ́. Á ní onígìtá ẹgbẹ́ yìí mọṣẹ́, àmọ́ akọrin wọn dà bí ẹni tí iṣu gbígbóná há lọ́fun. Á ní àwọn ará fíìmù orí tẹlifíṣọ̀n kò mọ ẹkún sun, ojú ń ṣomi, imú gbẹ. Ìròyìn ńkọ́? Ó ní ìyẹn ni fíìmù tó gùn jù, àwọn kan náà ló ń pàtẹ́wọ́ lójoojúmọ́.

Ilé Tàǹtí Cécile, agbẹ̀bí, ló ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n fi ń tan tẹlifíṣọ̀n náà. Wọ́n a ti fèrèsé, wọ́n a ta aṣọ dí ẹnu ọ̀nà, kí àwòrán lè hàn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn onígìtá kan fẹ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́. Sàlámì jókòó ti Ṣàngóbíyì, adẹ́mu láti Massè. Ó ní orin kan péré, òun a sì dìde. Orin kan di méjì.

Iná bátìrì tán. Àwòrán súnkì, ó di ẹyọ iná kan, ó kú. Yàrá ṣókùnkùn. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké lẹ́yìnkùlé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohùn kan wá dìde.

Sàlámì rò pé inú tẹlifíṣọ̀n ni, ó sì dájọ́ bó ṣe máa ń dá a. "Ohùn yìí dùn lóòótọ́, àmọ́ òfìfo ni. Ẹnu lásán ló ń ké. Ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀."

Ṣàngóbíyì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́, o ò dá ohùn ara rẹ mọ̀? Ìwọ nìyẹn."

Ìpè ìrun ni. Láti mọ́ṣáláṣí ló ti ń bọ̀. Ó ń fà bí Sàlámì ṣe ń fà á. Ó ń mí níbi tí Sàlámì ti ń mí. Ó wú ikọ́ kékeré tí Sàlámì máa ń wú kó tó parí.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ṣàngóbíyì. Tàǹtí Cécile fa ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sún sẹ́yìn, ó ní:

"Ta ló wá jókòó tì wá níbí?"

Sàlámì sáré jáde. Ojú ọ̀run rí bí eérú. Kò mọ̀ bóyá oòrùn ti wọ̀, kò mọ̀ bóyá kò tíì wọ̀. Nínú agbo ilé gbogbo, igbá ń kan igbá. Wọ́n ń mu omi. Wọ́n ń mu ògì. Obìnrin kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ní mọ́ṣáláṣí, kò sí ẹnikẹ́ni lórí òkúta tó máa ń dúró lé pe ìrun. Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbóná, bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Lèmọ́mù jókòó lẹ́nu ọ̀nà, èso dàbínù kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì jẹ ẹ́.

"Sàlámì, ìpè tòní wọ̀ mí lára. Àmọ́ ó jọ pé ó yá díẹ̀. Ṣé o fojú ara rẹ rí i pé oòrùn wọ̀?"

Bó bá ní òun kò rí i, gbogbo àdúgbò ni yóò san ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn padà. Wọn yóò sì bi í pé níbo ló wà.

"Mo rí i, Bàbá."

Bàbá ṣe bísímílà, ó fi dàbínù sẹ́nu. Bó ṣe ń jẹ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ pupa kan bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bóyá oòrùn ni. Bóyá àtùpà ẹnìkan ni. Sàlámì kò gbójú sókè wò ó. Ojú tì í.

Wọ́n tò. Lèmọ́mù dúró níwájú, ó ń retí kí ládàánì ké ìpè kejì tí a fi ń gbé ìrun dìde. Sàlámì fẹ́ la ẹnu. Kó tó là á, ohùn rẹ̀ ti ń ké ìpè náà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìṣìnà. Kò sẹ́ni tó yíjú padà. Kí ni wọn yóò yíjú wò? Ohùn Sàlámì kúkú ni.

Wọ́n forí kanlẹ̀, òun náà forí kanlẹ̀. Ó gbọ́ tí aṣọ ẹnìkan ń rọra dún létí òsì rẹ̀, níbi tí ìlà àwọn tó ń kírun parí sí, tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ìtìjú ló pọ̀ jù. Ẹni yẹn ti dé síbi iṣẹ́ lásìkò. Ẹni yẹn ń sunkún níwájú Ọlọ́hun, ẹkún tòótọ́.

Nígbà tí wọ́n ń sálámà láti parí ìrun, Sàlámì yíjú sí ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo ìjọ.

Wọ́n yíjú sí òsì. Ọrùn rẹ̀ kọ̀.