Ohùn Tó Dúpẹ́ Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Ẹ má pe èyí ní àlọ́. Ojú Blásida ló ṣe, ní ìlú Caazapá, ní ọ̀sán gangan. Kì í ṣe òru, tí ẹ máa ní oorun ló ń kun obìnrin náà.

Àsìkò oorun ọ̀sán ni. Gbogbo ilé ti tilẹ̀kùn. Ajá kan kò gbó.

Derlis, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, fóònù lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló wà lánàá. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀, oúnjẹ pàápàá, àfi kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ ẹ́. Dókítà ní àṣejù íńtánẹ́ẹ̀tì ti di àìsàn sí i lára, kí ìyá máa fà á sọ́rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu dókítà.

Tereré, ewé tí wọ́n ń fi omi tútù rẹ mu, nìkan ló ṣì ń gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Blásida á bu omi yìnyín sórí ewé inú ife ìwo, á nà án sí i. Ọwọ́ á jáde, Derlis á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò fà á mu, á dá ife padà láìwojú ẹnikẹ́ni. Blásida á tún bu. Níbẹ̀, ẹni tó bá dá ife padà tó ní “ẹ ṣé” ti mu tó nìyẹn. Wọn ò ní bu fún un mọ́. Derlis kì í sọ ọ́. Ìyẹn ni ìyá fi ń rí i jókòó tì.

“Ìyá Derlis,” Nimia, aládùúgbò wọn, yọ́ ọ̀rọ̀ sọ lórí ọgbà, “ìyàwó yín yìí ò tíì kí yín?”

“Ìyàwó wo? Fóònù? Kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.”

Derlis dá ife padà.

“Ẹ ṣé, Mama.”

Inú Blásida dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn yẹn! Ó sì ṣe ohun tí ará Caazapá gbogbo máa ṣe: ó da ewé nù, ó ṣan ife.

“Ó tó, Mama.”

Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú. Ẹnu Derlis wà ní pípadé. Inú fóònù ni ohùn ti wá, ojú fóònù sì ṣókùnkùn.

Orí Blásida fò lọ. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ń mí. Ó sáré bu ewé mìíràn, ó ti irin sí i létè. Ètè kò là.

“Mo ti dúpẹ́ ná,” ohùn náà wí. “Kí lẹ tún ń bu?”

Nimia fo ọgbà wọlé. “Ẹ jẹ́ n pa nǹkan yìí!”

“Ẹ má fọwọ́ kàn án!” Blásida tó ti búra pé òun á fọ́ fóònù yẹn mọ́lẹ̀ ló dì í mọ́yà. “Tẹ́ ẹ bá pa á, níbo lọmọ mi máa wà?”

Nimia fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Fóònù dún tíín. Iná inú rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán. Blásida sáré ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná ara ògiri. Iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò.

“Mama.” Ohùn náà ti rẹlẹ̀. “Òùngbẹ ń gbẹ mí.”

Ó bu omi. Ó na ife sí ọmọ tó wà lórí àga. Ọwọ́ kò jáde. Ó gbé e sún mọ́ fóònù, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

“Mama, níbo lẹ gbé omi náà sí?”

Blásida dúró sáàárín àwọn méjèèjì. Kò mọ ibi tí ẹnu ọmọ rẹ̀ wà mọ́.