Eyín Ṣèyí àti Bísíkíìtì Ọdún

Orúkọ rẹ̀ ni Ṣèyífúnmi. Ṣèyí ni wọ́n ń pè é nílé.

Ilé wọn wà ní Òmù-Àrán. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ yìí. Ètè Ṣèyí gbẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹni tó tẹ eérú.

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Ọ̀la ni Kérésìmesì.

Inú rẹ̀ tún ń dùn nítorí eyín rẹ̀. Eyín iwájú kan ń mì. Ó máa ń fi ahọ́n tì í.

Fì síwájú. Fì sẹ́yìn.

Fì síwájú. Fì sẹ́yìn.

Bí eyín ọmọdé bá yọ, òun àti òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń jù sórí òrùlé. Alángbá kò gbọdọ̀ rí i. Bí alángbá bá rí i, òmíràn kò ní hù mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ṣèyí ló sọ bẹ́ẹ̀. Ayọ̀túndé ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo eyín tirẹ̀ ti hù, nítorí náà ó mọ̀.

Alángbá kan wà lára ògiri. Orí rẹ̀ pupa. Ó ń wo Ṣèyí.

Ó mi orí. Ó tún mi orí.

"Kí lò ń wò?" ni Ṣèyí wí. Ó yára pa ẹnu dé.

"Ṣèyí!" Mọ́mì pè é láti ẹ̀yìnkùlé. "Wá ká ṣe bísíkíìtì ọdún. Fọ ọwọ́ ẹ."

"Mo ti fọ̀ ọ́, mà."

"Tún un fọ̀."

Ṣèyí tún un fọ̀.

Mọ́mì da fúláwà sínú abọ́. Fúù! Fúláwà fò. Imú Ṣèyí funfun.

Mọ́mì da ṣúgà sí i. Ṣáá!

Ó fi bọ́tà sí i. Ó fọ́ ẹyin sí i. Kọ́ì! Kọ́ì!

Wọ́n pò ó. Wọ́n pò ó. Wọ́n tún pò ó.

Mọ́mì fi ìgò yí i títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣèyí fi ẹnu ife gé e.

Pẹ́kẹ́! Roboto kan.

Pẹ́kẹ́! Roboto mìíràn.

Bó ṣe ń gé e ni ahọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Fì síwájú. Fì sẹ́yìn.

Mọ́mì ní ìkòkò irin ńlá kan. Iyanrìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èédú ń jó lábẹ́ rẹ̀. Mọ́mì tún kó èédú sórí ọmọrí rẹ̀. Ooru lókè, ooru nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ ni bísíkíìtì ti ń jinná.

"Má sún mọ́ iná o," ni Mọ́mì wí.

"Mi ò sún mọ́ ọn."

"Ẹsẹ̀ ta ni mò ń wò yẹn?"

Ṣèyí fà sẹ́yìn. Ó jókòó. Ó ń dúró de bísíkíìtì. Fì síwájú. Fì sẹ́yìn.

Òórùn dídùn gba gbogbo àgbàlá. Ayọ̀túndé sáré dé.

"Mọ́mì, ṣé ó ti jinná? Ẹ fún mi ní ọ̀kan!"

"Ẹ̀bùn ni," ni Mọ́mì wí. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò títí n óo fi dì í tán. Ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń bá wí."

Mọ́mì kó ọ̀rá jáde. Ọ̀rá náà mọ́ gaara. Ó kó ríbọ́nnì pupa jáde.

Ọ̀rá kan fún Pásítọ̀.

Ọ̀rá kan fún Tíṣà Eunice.

Ọ̀rá kan fún Abdulfatah ọlọ́kadà, tó ń gbé wọn lọ sílé ìwé.

Ọ̀rá kan fún Àlájà Jàrátù.

Ilé Àlájà Jàrátù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Bí Iléyá bá dé, Àlájà á gbé ẹran wá. Bí Kérésìmesì bá dé, àwọn náà á gbé bísíkíìtì lọ. Àlájà kò ní eyín kankan lẹ́nu. Inú tíì ló ti ń rẹ bísíkíìtì tirẹ̀ kó tó jẹ ẹ́.

Ṣèyí ń kó bísíkíìtì sínú ọ̀rá. Mọ́mì ń so ó.

Mọ́mì yíjú sí ìkòkò.

Ṣèyí wo bísíkíìtì kan. Bísíkíìtì náà ń dán. Etí rẹ̀ pọ́n dáadáa.

Kàù!

Ṣèyí ti gé e jẹ.

Ó le! Ó dùn bíi ṣúgà. Ó tún dà bíi iyọ̀ díẹ̀.

Mọ́mì ń bọ̀! Ṣèyí yára ju bísíkíìtì náà sínú ọ̀rá tó sún mọ́ ọn jù. Ó kọ ibi tó gé jẹ sí inú.

Mọ́mì so ọ̀rá náà. Kò rí nǹkan kan.

"Ayọ̀túndé, gbé èyí lọ fún Àlájà," ni Mọ́mì wí. "Ó ti tó àkókò tíì wọn."

Ayọ̀túndé gbé e lọ. Ayọ̀túndé padà dé.

Ṣèyí jókòó. Ó fi ahọ́n ti eyín rẹ̀.

Síwájú. Kò sí nǹkan.

Sẹ́yìn. Kò sí nǹkan.

Ihò kan ló wà níbẹ̀.

"Eyín mi!" Ṣèyí pariwo. "Eyín mi ti sọnù!"

Wọ́n wo abẹ́ àga. Kò sí.

Wọ́n wo inú abọ́. Kò sí.

Mọ́mì fi ṣíbí wa iyanrìn inú ìkòkò. Kò sí.

Ṣèyí wo ògiri. Alángbá olórí pupa ṣì wà níbẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo rí i?"

Alángbá mi orí. Ó tún mi orí.

Ṣèyí bú sẹ́kún. "Ó ti rí i! Òmíràn ò ní hù mọ́!"

"Alángbá kọ́," ni Ayọ̀túndé wí. "Inú bísíkíìtì ni eyín ẹ wà. Ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń pò ó ló jábọ́. Pásítọ̀ ló máa jẹ ẹ́. Wọ́n á gé e báyìí, kàù!"

"Ayọ̀túndé, pa ẹnu ẹ mọ́," ni Mọ́mì wí.

Ṣùgbọ́n Mọ́mì náà ń wo àwọn ọ̀rá. Kò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò lè fi eyín ránṣẹ́ sí èèyàn," ni Mọ́mì wí. "A óo fọ́ gbogbo ẹ̀ wò."

Ó tú ríbọ́nnì ọ̀rá Pásítọ̀.

Ó fọ́ bísíkíìtì kan. Kàù! Kò sí eyín.

Ó fọ́ òmíràn. Kàù! Kò sí eyín.

Ṣèyí ń wò ó. Tí wọ́n bá fọ́ gbogbo ẹ̀, kí ni wọ́n máa fún Tíṣà Eunice? Èérún?

Ṣèyí nu ojú. Ó ronú.

Nígbà tó ń gé bísíkíìtì, ṣé eyín rẹ̀ wà níbẹ̀? Ó wà níbẹ̀. Fì síwájú, fì sẹ́yìn.

Nígbà tó jókòó níwájú iná, ṣé eyín rẹ̀ wà níbẹ̀? Ó wà níbẹ̀. Fì síwájú, fì sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ńkọ́?

Lẹ́yìn náà... kàù.

Ṣèyí fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò fẹ́ sọ ọ́. Ó sọ ọ́.

"Mọ́mì, ẹ dúró. Ẹ má fọ́ ọ mọ́. Mo gé ọ̀kan jẹ."

Mọ́mì dúró. "Èwo nínú ẹ̀?"

"Mo dá a padà."

"O dá a padà síbo?"

"Sínú ọ̀rá."

Mọ́mì wò ó. Ó wò ó dáadáa.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Mọ́mì wí. Ó na ọ̀rá sí i. "Ó yá, wá a. Ìwọ lo mọ bó ṣe rí."

Ṣèyí gbé àwọn ọ̀rá náà sójú oòrùn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ti Pásítọ̀. Roboto, roboto, roboto.

Ti Tíṣà Eunice. Roboto, roboto, roboto.

Ti Abdulfatah ọlọ́kadà. Roboto, roboto, roboto.

Kò sí èyí tí wọ́n gé jẹ.

"Ọ̀rá ta ló kù?" ni Mọ́mì béèrè.

Ṣèyí la ẹnu. Ihò eyín rẹ̀ hàn.

"Àlájà!"

Ó sáré. Pà, pà, pà, pà!

"Bàtà ẹ!" ni Mọ́mì pariwo.

Ṣèyí kò dúró. Pà, pà, pà, pà!

Alángbá olórí pupa náà sáré gba orí ògiri.

Àlájà Jàrátù jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti so ríbọ́nnì pupa mọ́ ọrùn ọwọ́. Ife tíì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ṣèyí kúnlẹ̀. Ó sì pariwo. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ṣe méjèèjì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà, ẹ má mu ún!"

Àlájà gbé ife kúrò lẹ́nu. "Ìyá mi, kí ló ń lé ọ? Kí ni mi ò gbọdọ̀ mu?"

"Tíì yín! Eyín mi wà nínú ẹ̀!"

"Háà," ni Àlájà wí. "Kò sí tèmi lẹ́nu mi, tìrẹ wá wà nínú tíì mi?"

"Àlájà, èwo lẹ kọ́kọ́ jẹ nínú bísíkíìtì yẹn?"

"Èyí tí eku ti jẹ létí. Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹ èyí tí kò dára, kí n lè gbádùn èyí tó dára."

Ṣèyí wo ilẹ̀. "Eku kọ́, mà. Èmi ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n?" ni Àlájà wí.

Ó wo inú ife. Tíì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èérún bísíkíìtì ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Àlájà mú ṣíbí. Ó rò ó díẹ̀díẹ̀.

Kò sí nǹkan.

Ó tún rò ó.

Kò sí nǹkan.

Ṣé Àlájà ti gbé e mì ni? Ṣèyí kò lè mí.

Àlájà tún rò ó.

Kín!

Ṣèyí gbọ́ ọ. Àlájà náà gbọ́ ọ.

Kín!

Àlájà fi ṣíbí gbé e jáde. Ó kéré. Ó funfun. Ìdí rẹ̀ pupa díẹ̀.

Eyín Ṣèyí ni!

Ṣèyí mí. Hùùù! Ó jókòó sílẹ̀, gbì.

Mọ́mì náà ti dé. Bàtà Ṣèyí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí eyín nínú ṣíbí. Òun náà mí. Hùùù!

"Àlájà, ẹ má bínú," ni Mọ́mì wí.

"Kí n bínú ṣe kí ni?" ni Àlájà wí. "Ó ti pẹ́ tí eyín ti wọ ilé yìí kẹ́yìn."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Àlájà rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹ̀rìgì rẹ̀ hàn. Ṣèyí rẹ́rìn-ín. Ihò rẹ̀ hàn.

Lójijì, Ṣèyí di ẹnu mú.

Alángbá olórí pupa wà lára ògiri Àlájà. Ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó ń bọ̀ wálẹ̀.

"Àlájà! Ó fẹ́ rí i!"

Àlájà yára dẹ́kun ẹ̀rín. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀. Fìì! Ó fi bo ṣíbí, ó fi bo eyín, ó fi bo Ṣèyí pátápátá.

Inú ìborùn ṣókùnkùn. Ó ń rùn bíi lọ́fínńdà. Ṣèyí di eyín rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó fi ọwọ́ kejì ṣa òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀. Ó dì í pọ̀ mọ́ eyín.

"Jẹ́ ká lọ sílé ká lọ jù ú," ni Mọ́mì wí.

"Rárá o," ni Àlájà wí. "Orí òrùlé mi ni kó jù ú sí. Bóyá tèmi náà á hù."

Ṣèyí yọ ọwọ́ kan jáde nínú ìborùn. Ó jù ú sókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Kọ́ǹ! Kọ́ǹ! Kọ́ǹ! Páànù ń dún.

Kọ́rọ́, kọ́rọ́, kọ́rọ́... Ó ń yí bọ̀!

Kọ́rọ́...

Ó dúró.

Kò jábọ́.

Ṣèyí yọjú. Alángbá ti dé ilẹ̀. Ó wò síhìn-ín. Ó wò sọ́hùn-ún. Kò sí eyín.

Ó mi orí. Ó tún mi orí.

"Ó gbà," ni Àlájà wí.

Ṣèyí sáré lọ sílé. Ó wọ bàtà lọ́tẹ̀ yìí. Ó mú bísíkíìtì kan tó rí roboto. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Àlájà.

"Ẹ kú ọdún, mà. Eku ò jẹ eléyìí."

"Ọdún á yabo," ni Àlájà wí. Ó rẹ ẹ́ sínú tíì.

Mọ́mì fi òmíràn dí ọ̀rá Pásítọ̀. Ó tún ríbọ́nnì rẹ̀ so.

Bísíkíìtì tí Mọ́mì fọ́ kò ṣe é fún èèyàn mọ́. Ayọ̀túndé jẹ ọ̀kan. Ṣèyí jẹ ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi jẹ tirẹ̀.

Ọyẹ́ lọ. Òjò dé. Iléyá dé.

Àlájà Jàrátù gbé ẹran wá. Ife tíì rẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì. Ṣèyí sáré pàdé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó la ẹnu, áà!

Eyín tuntun wà níbẹ̀. Ó tóbi. Ó funfun.

"Káì!" ni Àlájà wí. "Òrùlé mi mà ṣiṣẹ́."

"Tiyín ńkọ́, mà?"

Àlájà náà la ẹnu, áà! Ṣèyí wò ó lókè. Ó wò ó nísàlẹ̀.

Kò sí nǹkan.

"Kò tíì hù," ni Ṣèyí wí.

"Kò burú. Mò ń retí ẹ̀," ni Àlájà wí. "Ìwọ ṣáà má tún fi eyín sínú bísíkíìtì mi ní Kérésìmesì."

Ṣèyí fi ahọ́n ti eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tuntun.

Fì síwájú. Fì sẹ́yìn.

"Àlájà," ni Ṣèyí wí, "òmíràn ti ń mì o."

Àlájà yára gbé ife tíì rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.