Ẹni Tó Ń Kanlẹ̀kùn Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀sán gangan ni ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti jẹun, oorun ò kùn mí, ojú mi sì là kedere. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kó gbà á gbọ́. Èmi tí mo wà níbẹ̀ mọ ohun tí mo gbọ́.

Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe. Ilé ìwé kọ́ ló kọ́ mi, Àǹtí mi ni, ọmọ ìyá mi. Kó tó tú kọ̀ǹpútà kankan, á fi ìdí sukudiráfà kan ara kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni kanlẹ̀kùn. Kó, kó, kó.

"Kí nìyẹn wà fún?" ni mo bi í nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Kí ẹni tó wà nínú ilé lè wọṣọ."

A rẹ́rìn-ín títí.

Ó di ọdún méjì tó ní òun ń lọ ra wáyà ní òpópónà kejì. Kò tíì padà. Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi. Bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, ìbéèrè kan náà ni Màámi máa ń bi mí.

"Ṣé ẹnikẹ́ni pè?"

"Rárá, Màámi."

Wọ́n á yíjú sí ògiri.

Ilé iṣẹ́ wa ló ń tọ́jú àwòrán gbogbo páìpù omi ìlú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá gbé kọ̀ǹpútà Àǹtí mi, tó ti kọjú sí mi láti ọdún méjì wá, ka iwájú mi. Àwọn amí ti fi ètò kékeré kan pamọ́ sínú rẹ̀, bí ẹni dá ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìnkùlé onílé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé wá wo àwòrán wa.

"Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani," ni ọ̀gá wí. "Ẹni tó mọ ilé yìí ló fi í síbẹ̀. Dókítà kọ̀ǹpútà, pa á rẹ́ kó tó di aago mẹ́ta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi àtìwọ la jọ máa wáṣẹ́ kiri."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà."

Mo yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo pa Wáífáì. Mo wá ètò náà rí. Ó béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé.

Àǹtí mi kì í lo ọ̀rọ̀ ìwọlé méjì. Orúkọ tó fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ ní kékeré ló ń lò fún gbogbo nǹkan: Kòsùnbọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó ṣí.

N ò rí àwòrán páìpù kankan. Ohùn ló kún ibẹ̀, ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, ọdún méjì gbáko. Mo ki íápíìsì bọ etí. Èmi ni. Èmi tí mò ń fi imú kọrin. Èmi tí mò ń ṣépè fún nọ́ọ̀tì tí kò tú. Èmi tí mò ń sunkún lọ́jọ́ tó pé ọdún kan tí Àǹtí ti lọ, tí mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́.

Mo ṣí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an. Ó ṣì ń gba ohùn lọ. Mo gbọ́ èémí ara mi. Mo gbọ́ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Kó, kó, kó.

Sukudiráfà mi wà nínú àpò. N ò tíì fọwọ́ kàn án.

Mo yọ ọ́ jáde. Mo kan ara kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ìró aṣọ. Bí ẹni tó ń wọṣọ kánkán.

"Àǹtí?"

Ìró aṣọ náà dúró.

"Ó ku ìṣẹ́jú méjì o!" Ọ̀gá ti dé ẹnu ọ̀nà.

Bí mo bá pa á rẹ́, n ò ní gbọ́ èémí yẹn mọ́ láyé. Bí n ò bá pa á rẹ́, omi gbogbo ìlú wà lọ́wọ́ àwọn amí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má bínú." Mo pa á rẹ́.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú àpò mi lábẹ́ tábìlì.

Bàtà iṣẹ́ náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo délé, Màámi gbójú sókè. "Ṣé ẹnikẹ́ni pè?"

Mo padà lọ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.