Ìjọba Wákàtí Kan

"Sà, báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

Hàjàrá ló béèrè bẹ́ẹ̀ ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, olùkọ́ ìmọ̀ ìtàn, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé eré orí kọ̀ǹpútà kan fún wọn ni. Adé àti Ilẹ̀ lorúkọ eré náà. Èèyàn yóò mú ìlú àtijọ́ kan, yóò sì jọba lórí rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún: yóò dáko, yóò ṣòwò, yóò gbéyàwó, yóò máa dá èsì lẹ́tà àwọn ọba yòókù padà, yóò sì jagun bí ọ̀rọ̀ bá di ogun. Olùkọ́ ní ìdíje rẹ̀ ń bọ̀ láàárín àwọn ilé-ìwé Ilé-Ifẹ̀ ní òpin oṣù, àti pé ẹnìkan ṣoṣo ni ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́, pẹ̀lú igbákejì kan tí yóò máa ka lẹ́tà sí i létí.

Nínú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Adésọjí ló lọ sókè jù. Ọmọ àdúgbò Ìlódè ní Ifẹ̀ ni, ó ga, ó sì mọ̀ pé òun ga. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ló ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ àǹtí òun ní Ìbàdàn ní eré yìí, àti pé òun ti fọwọ́ ara òun ṣẹ́gun láti Bìní títí dé ilẹ̀ Núpé. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ó jókòó wo ọmọ àǹtí rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni wọ́n rán an lọ ra búrẹ́dì. Kó tó padà dé lẹ́ẹ̀kejì, ogun ti tán. Roqeeb, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó, ló sọ ọ́ ní Kábíyèsí. Roqeeb fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Adésọjí gbà á bí oyè.

Olùkọ́ béèrè pé ta ló fẹ́ ṣojú ilé-ìwé. Ọwọ́ méjì péré ló nà sókè: ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n, àti ẹni tó ní òun kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n tó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè ní kò burú. Ó fún àwọn méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi kọ́ra. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, wọn yóò jọ ṣe é lójú gbogbo ayé, ìlú ẹni tó bá gbèrú jù ni yóò sì gbé ẹni náà lọ ìdíje.

Hàjàrá ra ìwé kékeré kan. Láti Ẹdúnàbọ̀n, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ifẹ̀, ló ti ń wá sílé-ìwé, ó sì máa ń kọ ìbéèrè sínú ìwé náà nínú ọkọ̀. Kí ló dé tí ọdún kò fi yí? Kí ni àwòrán àgbàdo pupa yìí ń sọ? Ṣé dandan ni kí ọba ní àrólé? Ó bi olùkọ́ léèrè títí olùkọ́ fi rẹ́rìn-ín. Ó bi bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀, pé oṣù mélòó ni iṣu fi ń wà nínú àká kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó bi Adésọjí fúnra rẹ̀ pé kí lèèyàn ń tẹ̀ kí àkókò tó máa rìn nínú eré náà.

Adésọjí wò ó láti òkè délẹ̀. "Àwa kì í kọ́ ará oko níṣẹ́ ọba," ló sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èèyàn tó bá wo ojú rẹ̀ dáadáa nígbà yẹn ì bá rí i pé òun pàápàá fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Ní ọjọ́rú, ó kan òun náà láti lo kọ̀ǹpútà. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó mú Ifẹ̀, nítorí kí ni ọmọ Ifẹ̀ yóò tún mú, ó sì fọwọ́ lẹ́rán. Ó wo ilẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ náà wò ó. Ogun kankan kò wá, ebi kò pa ẹnikẹ́ni, ẹ̀sìn kò bínú sí ẹ̀sìn. Bó ṣe jókòó fún wákàtí kan nìyẹn, ara rẹ̀ sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ní igun òkè ojú kọ̀ǹpútà, àmì kékeré kan wà níbẹ̀ tó jọ igi méjì tí wọ́n gbé nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ọba kì í wo igun.

Nígbà tó jáde, ó ní kí Roqeeb wá gbọ́. "Wákàtí kan gbáko ni mo fi jọba. Kò sógun, kò sí ìyàn. Ifẹ̀ ni orísun, àbí ta ló fẹ́ dán wa wò?"

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo agbo ilé wọn ní Ìlódè ti gbọ́. Àǹtí Fọláyọ̀ tó ń ránṣọ gbé fìlà kan kalẹ̀ tí Adésọjí yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá Àgbà nìkan, ìyá bàbá rẹ̀, ni kò tíì yé. Ẹ̀gúsí ló ń bó lójúlé, ó sì béèrè pé ọba ìlú wo ni Adésọjí jẹ nínú kọ̀ǹpútà yìí. Adésọjí ní Ifẹ̀ ni.

"O káre. Àwọn ará ìlú ńkọ́, kí ni wọ́n ń jẹ?"

Adésọjí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámá, eré lásán ni, kò sẹ́ni tó ń jẹun níbẹ̀." Ìyá Àgbà ní ìlú tí wọn kì í ti í jẹun ṣàjèjì sí òun, ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Yàrá kọ̀ǹpútà kún fọ́fọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń wò láti ojú fèrèsé. Adésọjí dé fìlà lórí yúnífọ́ọ̀mù, olùkọ́ sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó mú Ifẹ̀. Hàjàrá mú ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà méjèèjì, ó tẹ nǹkan kan, àkókò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọlé sọ́dọ̀ Adésọjí: ọba ìtòsí kan fẹ́ fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún un. Adésọjí ní ìlú yẹn kéré. Àwọn ọmọ kíláàsì hó, wọ́n ní Kábíyèsí. Ọba kejì fẹ́ fi iyọ̀ pààrọ̀ iṣu. Adésọjí ní kó kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ ná. Wọ́n tún hó. Ẹ̀kẹta ní kí àwọn jọ máa ran ara wọn lọ́wọ́ bí ogun bá dé. Adésọjí kò dá a lóhùn. Ó tẹ̀ sẹ́yìn lórí àga, ó ní ẹni tó bá fẹ́ rí Ifẹ̀ yóò wá sí Ifẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó dàgbà ní Ìlódè, ohun tó mọ̀ ni pé àgbà máa ń jókòó ni, àwọn tó kù ni yóò wá kí i. Ó jókòó, ó ń retí wọn.

Kò sẹ́ni tó wá. Àwòrán àgbàdo di pupa láti sọ pé oúnjẹ ń tán, Adésọjí sì rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Àwọn ará ìlú ń kó lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tẹ̀ lé wọn. Ọba darúgbó láìláya, láìlọ́mọ, nígbà tó sì pé ìṣẹ́jú méjìlélógún, ọ̀rọ̀ kan jáde lójú kọ̀ǹpútà: Ọba ti wàjà láìní àrólé. Ìlú ti tú.

Roqeeb ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó wà níbi òkú. "Kábíyèsí wàjà. Ta la ó máa kí báyìí?"

Ẹ̀rín tó sọ lẹ́yìn èyí kò kéré. Lẹ́bàá odò, ní kọ̀ǹpútà kejì, Hàjàrá dá àkókò dúró, ó yẹ àká rẹ̀ wò, ó sì jẹ́ kí àkókò máa rìn padà. Ìlú rẹ̀ ti ní ọjà mẹ́ta.

Adésọjí dìde, ó ní kọ̀ǹpútà yìí ti bàjẹ́, nítorí òun fi jọba fún wákàtí kan lọ́jọ́rú láìsí wàhálà. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè kò bá a jiyàn. Ó ṣí eré ọjọ́rú náà, ó ní kí Adésọjí ka déètì tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní, ọdún kìn-ín-ní. Ó ní kó ka déètì tó parí. Adésọjí tẹjú mọ́ ọn. Oṣù kìn-ín-ní, ọdún kìn-ín-ní.

"Igi méjì tó wà ní igun yẹn ń sọ pé àkókò dúró," ni olùkọ́ sọ. "Inú fọ́tò lo ti jọba. Kò sẹ́ni tó ń jà nínú fọ́tò, ebi kì í sì í pa wọ́n níbẹ̀."

Irọ́ kan ṣì wà níwájú Adésọjí tó lè gbà á là. Ó lè ní wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ náà. Kò sí irọ́ tó rọrùn láti gbà gbọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára àgbàdo pupa náà, ìbéèrè Ìyá Àgbà sì dún létí rẹ̀, àwọn ará ìlú ńkọ́, kí ni wọ́n ń jẹ? Ó ṣí fìlà.

"Sà, n kò ṣe é rí. Ojú ló ń tì mí láti béèrè."

Ó yí sí Hàjàrá. "Jọ̀ọ́, báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

Kíláàsì retí ohun tí Hàjàrá yóò ṣe, nítorí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi í ṣẹ̀sín. Ó kàn ṣí ìwé kékeré rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì nà án sí i. Adésọjí rí i pé ìbéèrè òun gan-an ló wà ní òkè pátápátá. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ara rẹ̀ ló sì ń rín.

Hàjàrá ni yóò ṣojú ilé-ìwé, ìyẹn kò lè yẹ̀ mọ́. Nígbà tí olùkọ́ ní kó yan igbákejì, ó yan Adésọjí. Roqeeb béèrè ìdí rẹ̀, Hàjàrá sì ní kò sí ẹlòmíràn ní kíláàsì yìí tó mọ gbogbo ọ̀nà tí ìlú ń gbà tú.

Ilé-ìwé mẹ́jọ ló pàdé lọ́jọ́ ìdíje. Ní ogójì ọdún ìjọba wọn, ọba kan kọ lẹ́tà ìwọ̀sí sí wọn, ó pe ìlú wọn ní abà. Adésọjí ka lẹ́tà náà sí Hàjàrá létí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ogun ni ì bá kéde. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rọra béèrè pé, "Bí a bá jagun, kí ni wọ́n máa jẹ?" Hàjàrá yẹ àká wò. Oúnjẹ oṣù méjì ló kù. Wọ́n fi iyọ̀ ránṣẹ́ sí ọba náà pẹ̀lú ìkíni. Ilé-ìwé mẹ́ta tó gba irú lẹ́tà yẹn tí wọ́n sì fi ìbínú jagun, ebi lé wọn kúrò lórí àga.

Ipò kejì ni wọ́n ṣe. Wọ́n fún ilé-ìwé wọn ní kọ̀ǹpútà kan, àwọn ọmọ kíláàsì sì gbé Hàjàrá sókè. Adésọjí ló bá a mú ìwé rẹ̀ dání kó má bàa já bọ́.

Nígbà tó délé, agbo ilé ń béèrè ipò. Ìyá Àgbà kò béèrè ìyẹn. "Àwọn ará ìlú yín, ṣé wọ́n jẹun?"

"Wọ́n jẹ, Màámá. Wọ́n yó."

"Ẹ jọba nìyẹn."

Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ojú ń tì láti béèrè ló máa ń jókòó sójú kan tí yóò rò pé òun ti dé. Adésọjí mọ èyí nísinsìnyí, ó sì ti san owó ẹ̀kọ́ náà níṣojú kíláàsì. Ó ra ìwé kékeré tirẹ̀. Ìbéèrè Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ kọ sínú rẹ̀.

Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Àgbà gbé àwo ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sún àga mọ́ ọn, tó ní kó wá sọ fún òun, báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Adésọjí kò rẹ́rìn-ín. Ó fa igi méjì sínú ìwé, ó gbé wọn nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ní, "Màámá, ẹ kọ́kọ́ wo igun."