Ẹsẹ̀ Bọ́láńlé Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́

Láti òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ àjọ̀dún Faransé ni Bọ́láńlé ti ń da ilé rú ní Anagokomé, àdúgbò àwọn Nàgó ní Lomé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti dàgbà jù ú lọ. Bó ti jí ló ti lọ dúró ti bàbá ìyá rẹ̀ níbi ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń béèrè pé, "Bàbá àgbà, ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé Tọ́ńtọ̀n Norbert ti ń fọn fèrè?" Bàbá Yésúfù á ní rárá, kò tíì yá. Ọmọ á lọ yí ọgbà po lẹ́ẹ̀kan, á tún padà wá béèrè.

Àwọn tó mọ Bàbá Yésúfù látìgbà tó ti kó dé láti Sákẹ́tẹ́ mọ̀ pé ọkùnrin líle ni. Fìlà ló ń rán. Bí oníbàárà bá fi ìka tọ́ ojú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lára fìlà rẹ̀, ó lè gba fìlà náà padà kó sì ní kí onítọ̀hún máa lọ. Àmọ́ níwájú Bọ́láńlé, agídí rẹ̀ a máa yọ́ bí òrí. Sàrátù, ìyá ọmọ náà, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn Bàbá, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí yín. Ọmọ mi wá ń fi í gẹ irun ewúrẹ́, ẹ ń rẹ́rìn-ín." Bàbá á ní ewúrẹ́ náà kò kúkú ṣàròyé.

Norbert tí ọmọ yìí ń béèrè, tó ń pè ní Tọ́ńtọ̀n bí àwọn Faransé ti ń pe àbúrò bàbá, jẹ́ ayálégbé wọn, ọ̀kan nínú àwọn Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé, nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, fèrè onídẹ ńlá kan ló máa ń gbé kọ́ èjìká, èyí tí ohùn rẹ̀ ń kùn nísàlẹ̀ ohùn àwọn fèrè yòókù. Ẹnu fèrè náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Bọ́láńlé fi ki orí bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, tí gbogbo ọgbà sì ń bẹ̀ ẹ́ kó jáde. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ẹgbẹ́ afọnfèrè láti Kpalimé, Atakpamé àti Aného fẹ́ wá bá ti Lomé díje. Ọkọ̀ ojú irin ni yóò kó wọn wá. Láti ibùdókọ̀ ni wọn yóò ti máa tò lọ, tìlù tìfèrè, títí dé pápá etí òkun níbi tí àwọn adájọ́ ìdíje yóò jókòó sí. Norbert wà nínú ẹgbẹ́ Lomé, Bàbá Yésúfù sì ti ṣèlérí fún ọmọ pé ìṣojú rẹ̀ ni Norbert yóò ti fọn ún.

Sàrátù ti di igbá abọ́ rẹ̀, ó ń lọ sí ọjà, nítorí ọjọ́ tí àlejò bá pọ̀ nílùú ni ọjà oníṣòwò ń tà. Nígbà tó rí bàbá rẹ̀ tó ń nu kẹ̀kẹ́, ó dúró.

"Bàbá, ṣé orí irin ẹ̀yìn yẹn lẹ fẹ́ gbé e sí?"

"Níbo ni kí n tún gbé e sí? Mo ti ká aṣọ lé e, kò ní gún un nídìí."

"Ìdí kọ́ ni mò ń sọ, ẹsẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀já so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin kẹ̀kẹ́ kó má bàa máa fì. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Monique aládùúgbò wa ń ṣe fún ọmọ tirẹ̀."

Bàbá Yésúfù nà ró. "Sàrátù, a kì í so ọmọ alààyè lẹ́sẹ̀. Àgbò ọdún là ń so lẹ́sẹ̀. Òkú là ń so àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ìwọ wá fẹ́ so ọmọ mi lọ́jọ́ ayọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sàrátù lára. Ọmọ Nàgó ni òun náà, ó sì mọ ohun tí ẹsẹ̀ tí a so jẹ́. Ó ní, "Ó dáa, a ò ní so ó. Àmọ́ ẹ pọ̀n ọ́n, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ibẹ̀ kò kúkú jìnnà."

"Tí mo bá pọ̀n ọ́n, ta ni yóò pọn èmi àti orúnkún mi? Má ṣèyọnu. Dúsímá-dúsímá, jẹ́jẹ́ la ó lọ."

Sàrátù rẹ́rìn-ín, ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìparí. Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn kò ní so ẹsẹ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí yóò wá dá ẹsẹ̀ náà dúró kúrò lára táyà.

Lóòótọ́, jẹ́jẹ́ ni Bàbá Yésúfù gun kẹ̀kẹ́ náà. Yanrìn pọ̀ lójú ọ̀nà, ó sì ń yà fún gbogbo ibi tó bá ti jìn. Bọ́láńlé di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé ní "bọ́ńjúù," wọ́n ń dá a lóhùn, orí bàbá ń wú. Bí wọ́n ti súnmọ́ ibùdókọ̀ ojú irin, ìlù ńlá àwọn ará Aného bú jáde, fèrè sì gbè é. Ara ọmọ kò gbà á mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ méjèèjì jó lórí ìjókòó, ó ń jù wọ́n síwájú, ó ń jù wọ́n sẹ́yìn bí ìlù ti ń lọ. Bàbá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn, inú òun náà dùn.

Ọkùnrin kan ti ọmọlanke jáde lójijì láti kọ̀rọ̀ kan. Bàbá Yésúfù ya kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún, kẹ̀kẹ́ fì, táyà ẹ̀yìn kò sì yí mọ́. Ó rò pé yanrìn ló gbé e, bí ẹnikẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Lomé yóò ti rò. Ló bá dìde dúró, ó fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà. Ìgbà náà ni ọmọ ké.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni. Ó ti wọ àárín àwọn wáyà táyà, gìgísẹ̀ sì há mọ́ irin. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ kíá. Ó di ọmọ mú ní abíyá, ó fà á. Ẹsẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n awọ gìgísẹ̀ kò bá a jáde tán.

Ohun tí wọ́n ṣe fún òun ní Sákẹ́tẹ́ nígbà tí àdá ṣá òun ló sọ sí i lọ́kàn. Ó da áṣáà inú àpò rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ó fi aṣọ ìnujú dì í pinpin, ẹ̀jẹ̀ sì dín kù. Bí ẹ̀rù ọgbẹ́ ti ń lọ ni ẹ̀rù Sàrátù ń bọ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó gbé ọmọ lé itan, ó ń fi etí ẹ̀wù nu ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, bí ìyá rẹ bá béèrè, a ó ní o fẹsẹ̀ kọ òkúta ni. Ṣé o gbọ́?"

Bọ́láńlé mi orí. Omi ojú ṣì ń dà lójú rẹ̀. "Ṣé a ṣì ń lọ wo Tọ́ńtọ̀n?"

Níbí yìí ni Bàbá Yésúfù ti ṣe àṣìṣe tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé ìwòsàn wà lápá kan, pápá wà lápá kejì. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, kò fẹ́ já a kulẹ̀, ojú sì ń tì í. Ó gbé e padà sórí kẹ̀kẹ́, ó tì í lọ sí pápá.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró láàárín èrò kó tó kan ẹgbẹ́ Lomé. Bọ́láńlé fi orí lé èjìká bàbá. Kò pàtẹ́wọ́, kò béèrè ohunkóhun. Bí ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bá dákẹ́ lójijì, ó yẹ kí àgbà fura, ṣùgbọ́n Bàbá ń sọ fún ara rẹ̀ pé oorun ló ń kùn ún. Norbert jáde pẹ̀lú fèrè ńlá rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ sì ń wá àwọn ará ilé. Ó rí fìlà Bàbá, ó rí ọmọ, ó rí aṣọ ìnujú funfun tó ti di pupa. Ó yọ ẹnu kúrò lára fèrè. Orin ń lọ, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣófo, gbogbo pápá ló sì gbọ́ ọ. Ọ̀gá wọn na ọ̀pá sí i tìbínútìbínú. Norbert gbé fèrè kalẹ̀ lórí koríko, ó kúrò lórí ìlà.

"Pàpá, kí ló ṣe é?"

"Ó fẹsẹ̀ kọ..." Bàbá wo ojú ọmọ. Ọmọ náà ń wò ó, ó ń dúró kó parí irọ́ tí wọ́n jọ pète. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú kẹ̀kẹ́ mi, Norbert. Èmi ni."

Norbert tú aṣọ náà díẹ̀. "Kí lẹ dà sí i?"

"Áṣáà ni."

"Háà, Pàpá. Áṣáà, kọfí lílọ̀, okùn aláǹtakùn, kò sí èyí tó yẹ kó kan ojú ọgbẹ́. Àìsàn kan ń gba ibẹ̀ wọlé, á ti ọmọ lẹ́nu pa, á mú ara rẹ̀ gan bí igi. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, àmọ́ àfi ká tètè débẹ̀."

Ó gbé ọmọ, ó sì yára lọ. Bàbá Yésúfù ń sáré tẹ̀lé e, ó gbàgbé orúnkún, ó sì gbàgbé kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n ti ń lọ ló ń béèrè pé kí ni ì bá ti ṣe.

"Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá há," ni Norbert wí, "ẹ má tẹ pẹ́dà, ẹ má sì fà á. Ẹ di ọmọ mú, kí ẹnìkejì yí táyà padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá jáde, kí wọ́n gé wáyà. Wáyà wà lọ́jà. Lẹ́yìn náà, omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ọgbẹ́, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í, kí ẹ sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa kíá. Kò sí ohun tó yẹ kí ẹ tún yà wò lọ́nà."

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fọ ọgbẹ́, wọ́n rán an. Dókítà ní iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ti ya, àti pé áṣáà àti wákàtí tó kọjá ti ba ojú ibẹ̀ jẹ́. Bí ibà bá mú un, tí ẹsẹ̀ sì dú, àwọn lè ní láti gé e.

Sàrátù dé láti ọjà pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Bàbá Yésúfù ti dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sọ ti kẹ̀kẹ́, ti áṣáà, ti irọ́, ti pápá. Sàrátù kò pariwo. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọ̀tún tó yè mú. Ó wá yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ kò lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é léṣe. Ti kẹ̀kẹ́ kò dùn mí tó ti pápá."

Bàbá Yésúfù sunkún níwájú ọmọ bíbí inú rẹ̀, ohun tí Sàrátù kò rí rí. Ó yíjú sí Norbert. "Ó ní ká so ó lẹ́sẹ̀, mo kọ̀. Ṣé ohun tí mo kọ̀ yẹn ló kó bá a?"

"Rárá, Pàpá. Ó dáa tí ẹ kò so ó. Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú, ọmọ tí a so mọ́ ọn kò ní lè bọ́. Àmọ́ ẹ kò fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n hun agbọ̀n tó ní ìfẹ̀yìntì fún un, kí ẹ kan pákó ìtẹsẹ̀lé sí i nísàlẹ̀, kí ẹ fi awọ bo ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì títí ẹsẹ̀ kò fi ní rí àyè wọlé. Bí ẹ bá sì dé ibi èrò tàbí ibi ìlù, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ máa tì í. Ọmọ tó gbọ́ ìlù kò ní jókòó jẹ́ẹ́."

Ọjọ́ mẹ́fà ni ibà fi bá ọmọ náà jà. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá tú aṣọ ọgbẹ́, Sàrátù á kọ́kọ́ wo ojú Norbert kó tó wo ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ keje, Norbert rẹ́rìn-ín. Wọn kò gé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Lomé ló gbẹ̀yìn nínú ìdíje, ọ̀gá afọnfèrè kò sì kí Norbert títí ọdún fi yípo. Bàbá Yésúfù ní kí wọ́n hun agbọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ló gé awọ, tó rán an mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà. Àwọn bàbá ọlọ́mọ mìíràn wá wò ó, wọ́n sì ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ òsì Bọ́láńlé kò kanlẹ̀ tán mọ́. Ó ń rìn, ó ń tiro.

Nígbà tí àjọ̀dún tún dé, ẹgbẹ́ afọnfèrè gba iwájú ilé wọn kọjá. Àwọn ọmọ àdúgbò tú yáyá tẹ̀ lé wọn, Bọ́láńlé náà sì bọ́ sọ́nà. Ó sáré dé ẹnu ilé kẹta. Àwọn yòókù ti yà ní kọ̀rọ̀. Ó dúró díẹ̀, ó tiro padà wá bá bàbá rẹ̀ àgbà lórí àga, ó ní, "Wọ́n yára jù mí lọ." Bàbá gbé e lé itan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ lọ síbi orin àti ìlù, ẹ lọ wo kẹ̀kẹ́ yín lónìí. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá lè kan táyà, ẹ má tíì gbé e lé e. Ẹ bo táyà náà, tàbí kí ẹ pọn ọmọ kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Bí ó bá sì fara pa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, bó ti wù kí ojú máa tì yín tó. Bàbá Yésúfù ló ní kí wọ́n máa sọ ìtàn yìí fún gbogbo ọlọ́mọ, kí wọ́n má sì fi orúkọ òun pamọ́.