Ọ̀rọ̀ Ìyá Tí Ẹ̀rọ Gbé Mì

Ẹsẹ̀ ni Akọ̀wé kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ ọkùnrin gbọọrọ méjì tó yọ lábẹ́ tábìlì rẹ̀, bàtà ti bọ́, àtàǹpàkò kan sì ń yọjú láti inú ìbọ̀sẹ̀ bí ọmọ tó ń ṣọ́ àlejò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Àtàǹpàkò yín ń kí mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a lóhùn. Ọwọ́ mi dí."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti gbàgbé láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tára wọn ò le ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹni tó ń kú lọ bá ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tirẹ̀, wọn a tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà á dúró de ẹni tó ni ín. Ìyá rẹ̀ náà fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Ọdún méjì gbáko ni kò láyà àtiṣí i. Ọjọ́ tó ṣí i, àmì ìbéèrè ló bá, wọ́n tò lọ rẹrẹ bí ìwọ̀ ẹja. Ni wọ́n bá pe Alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà, ọkùnrin abẹ́ tábìlì yẹn.

Ojoojúmọ́ ló ń wá. Ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn tó kàn dàrú, ó tún un tò, ó ṣe é kà. Orí bẹ́ǹṣì kan náà làwọn méjèèjì ti ń jẹun ọ̀sán.

"Bí mo bá rí ọ̀rọ̀ Màmá, kí lẹ máa fún mi?"

"Abẹ́rẹ́ àti òwú, fún ìbọ̀sẹ̀ yín."

"Èmi ò mọ̀ ọ́n rán o."

"Ẹ bọ́ ọ wá, kí n bá yín rán an."

Ìfẹ́ wọlé, kò kan ilẹ̀kùn o,
Ó bá ẹkún nílé, ó jókòó tì í.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Alátùn-únṣe ò lè jẹun. Ìbá dákẹ́, ta ni ìbá mọ̀?

"Akọ̀wé, èmi ni mo bà á jẹ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, èmi ni mo kó ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú tuntun, láti ọ́fíìsì wa. Tuntun ò dá àwọn lẹ́tà kan mọ̀, ó fi àmì ìbéèrè rọ́pò wọn. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo pa ti àtijọ́ rẹ́."

"Kò lè padà mọ́?"

"Kò lè padà mọ́."

Akọ̀wé gbé àpò rẹ̀. "Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Oṣù kan kọjá. Opó kan pe Akọ̀wé lórí fóònù. "Ọmọ mi, ọkùnrin kan wá sílé mi, ó ní òun lòun sọ ọ̀rọ̀ ọkọ mi nù. Mo bú u, mo bú u, kò sá. Ta ló rán an?"

Kò sẹ́ni tó rán an. Ìdílé mọ́kànlá lọ̀rọ̀ wọn ti ṣègbé; ilé kọ̀ọ̀kan ló ń dé tó ń bẹ̀. Ilé bàbá Akọ̀wé ló kẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Akọ̀wé ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá Alátùn-únṣe lẹ́nu ọ̀nà, kò lè kan ilẹ̀kùn. Akọ̀wé ló ṣí i.

Bàbá gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ bojú, ó sunkún.

"Omi dànù, agbè ò fọ́. Jókòó, ọmọ mi."

Nígbà tí Akọ̀wé sìn ín dé géètì, ó dúró.

"Mi ò ní mọ ohun tí ìyá mi fẹ́ sọ láéláé."

"Mo mọ̀."

"Tèmi ò ní wọ inú ẹ̀rọ kankan. Ẹnu ni màá fi sọ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ, màá sì fẹ́ ọ."

Omijé ò jẹ́ kí Alátùn-únṣe ríran. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jọ̀ọ́, tún un sọ."

Ó tún un sọ.